Ṣé ètò náà ló mú ìkórè pọ̀? Ìtọ́nà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ìwádìí ipa lórí iṣẹ́ àgbẹ̀

Ká ní ètò kan pín irúgbìn àgbàdo tuntun àti àpò ajílẹ̀ méjì-méjì fún àwọn àgbẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí kórè tọ́ọ̀nù 1.4 lórí hẹ́kítà kan. Lọ́dún tí wọ́n gba irúgbìn, wọ́n kórè 1.9. Ṣé ètò yìí ló fi ìdajì tọ́ọ̀nù kún ìkórè wọn?

Ẹni tó ń kọ ìròyìn ètò náà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òjò ọdún kejì lè ti dára ju ti ọdún kìíní lọ. Kòkòrò tó dé bá àgbàdo wa ní 2016 lè má fi bẹ́ẹ̀ jà lọ́dún náà. Ẹlòmíràn á wá ní ká fi wọ́n wé àwọn tí kò gbà, tí ìkórè tiwọn jẹ́ 1.5 lọ́dún kan náà. Ìyàtọ̀ di 0.4. Èyí náà ní àbùkù tirẹ̀. Ta ló sábà máa ń rí nǹkan ètò gbà? Ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, ẹni tí oko rẹ̀ kò jìnnà sí títì, ẹni tó mọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́ àgbẹ̀ sọ́nà dáadáa. Irú wọn ti ń kórè ju ẹlẹgbẹ́ wọn lọ tẹ́lẹ̀. Bí a bá padà wo ọdún tó ṣáájú, 1.2 ni àwọn tí kò gbà ń kórè nígbà tí àwọn tó gbà ti wà ní 1.4. Àwọn tí kò gbà náà ti fi 0.3 kún tiwọn láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ 0.3 kúrò nínú 0.5, ó ku 0.2.

A kàn fi nọ́ńbà mẹ́rin yìí ṣe àpẹẹrẹ ni, àmọ́ ẹ wò ó: ìdáhùn mẹ́ta ló ti inú wọn jáde, 0.5, 0.4 àti 0.2, ó sì ṣeé ṣe kí ìkẹta pàápàá má tọ̀nà.

Ìbéèrè tí ìwádìí ipa ń fẹ́ dáhùn ni pé: kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbẹ̀ yìí gan-an, lọ́dún yìí kan náà, ká ní ètò náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn? Kò sí ẹni tó lè fojú rí i, torí ẹnì kan kò lè gbà kó má sì gbà. Àrọ́pò wọn là ń wá, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ mìíràn tí ìkórè wọn lè sọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ fún wa. Ọgbọ́n àtirí àrọ́pò tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n tó já ẹrù kúrò lórí ọkọ̀ ni a ti ń wá a. Bí wọ́n bá ti pín irúgbìn tán fún ẹni tó wù wọ́n, ìṣirò kò lè fi gbogbo ara tún un ṣe mọ́.

Ẹ kọ ojú ọ̀nà ètò náà sílẹ̀ ná

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ bí nǹkan ṣe yẹ kó tẹ̀ léra. Irúgbìn àti ajílẹ̀ dé abúlé kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Àgbẹ̀ gbin irúgbìn náà, kò tà á, kò sì jẹ ẹ́. Ó bu NPK sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó gbìn ín, ó sì bu yùríà sí i nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìkórè pọ̀, ó rí ọjà tà á sí, owó tó sì kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìnáwó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ máa wọ̀n níbẹ̀: ọjọ́ tí ọkọ̀ dé, iye kílò tí àgbẹ̀ gbìn, ọjọ́ tó bu ajílẹ̀. Bí ẹ bá wọn owó nìkan, tí ẹ sì rí i pé kò yí padà, ẹ kò ní mọ̀ bóyá irúgbìn ni kò dára tàbí ọkọ̀ ni kò tètè dé. Ajílẹ̀ tó dé lóṣù keje kò lè ṣe nǹkan kan mọ́ fún àgbàdo tí a gbìn lóṣù kẹrin.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun kan tàbí méjì péré tí ẹ máa fi dájọ́ ètò náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí ayé ti lè rí i kí ẹ tó rí nọ́ńbà kankan. AEA RCT Registry, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìwádìí ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà, ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ṣáájú kì í jẹ́ kí a máa wá inú nǹkan ogún kiri títí a ó fi rí ọ̀kan tó dára.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí èrè wà lára ohun tí ẹ máa fi dájọ́, torí ìkórè púpọ̀ kì í ṣe èrè. Ní Mali, Lori Beaman, Dean Karlan, Bram Thuysbaert àti Christopher Udry fún àwọn obìnrin tó ń gbin ìrẹsì ní ajílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kèké ni wọ́n sì fi yan àwọn tó gbà á. Ìkórè pọ̀ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà tún gba alágbàṣe sí i, wọ́n sì ra oògùn tí ń pa koríko sí i. Nígbà tí wọ́n yọ ìnáwó, kò sí ẹ̀rí pé èrè wọn pọ̀ sí i. 2013 ni àbájáde yẹn jáde. Ẹni tó bá wọn ìkórè nìkan ìbá ti máa jó. Nítorí náà ẹ bèèrè owó alágbàṣe, ti ọkọ̀, ti àpò àti ti oògùn. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí ìyàwó àti ọmọ fi ṣiṣẹ́ lóko pẹ̀lú. Ẹ wá ṣírò èrè lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan láìka iṣẹ́ ìdílé, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú rẹ̀ ní iye tí wọ́n ń san fún alágbàṣe lábúlé náà.

Kèké

Bí ohun tó wà nílẹ̀ kò bá tó gbogbo abúlé lọ́dún kìíní, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ jẹ́ kí kèké pín in. Bí abúlé bá pọ̀ tó, kèké á pín ilẹ̀ ọlọ́ràá àti ilẹ̀ oníyanrìn, abúlé ẹ̀bá títì àti abúlé inú igbó, akíkanjú àti aláìbìkítà, sí ìhà méjèèjì bákan náà. Á pín ohun tí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ wọ̀n pẹ̀lú. Ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀nà yòókù lọ nìyẹn. Iṣẹ́ tí Abhijit Banerjee, Esther Duflo àti Michael Kremer fi irú ìdánwò yìí ṣe ló mú kí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé ní 2019. Ní Busia, lórílẹ̀-èdè Kenya, Duflo, Kremer àti Jonathan Robinson fi kèké wádìí ìdí tí àgbẹ̀ kì í fi ra ajílẹ̀ tó mọ̀ pé ó dára. Nígbà tí wọ́n ní àwọn á gbé e dé ilé láìgba owó ọkọ̀, kété tí àgbẹ̀ kórè tán tí owó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó lo ajílẹ̀ pọ̀ sí i. Wọn ò yí ajílẹ̀ padà rárá. Àsìkò ni wọ́n yí.

Abúlé lódindi ni kí ẹ ṣẹ́ kèké lé, ẹ má ṣẹ́ ẹ lé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Irúgbìn kì í dúró lọ́wọ́ ẹni tó gbà á: ẹ̀gbọ́n á bu fún àbúrò, ọkọ á bu fún àna rẹ̀. Bí àwọn tí ẹ fi ṣe àfiwé bá ti ń gbin irúgbìn kan náà, á dà bíi pé ètò kò ṣe nǹkan kan. Bí abúlé méjì bá pa ààlà oko, ẹ kà wọ́n sí ọ̀kan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọsílẹ̀ gbogbo abúlé. Ìwé tí ẹ máa rí gbà ní ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ní ọ́fíìsì ADP, àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìpínlẹ̀, lè ti gbó: abúlé kan á ti tú, òmíràn á ní orúkọ méjì, gáà àwọn Fúlàní á sì lè má sí níbẹ̀ rárá. Ẹ gun ọ̀kadà lọ wò ó fúnra yín. Ẹ pín wọn sí ìsọ̀rí, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àti nínú rẹ̀, àwọn tó súnmọ́ títì lọ́tọ̀ sí àwọn tó jìnnà. Inú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ti ṣẹ́ kèké, kó má baà jẹ́ pé agbègbè Ṣakí ló máa kó gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fi R, ohun èlò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ṣe é, ẹ kọ set.seed() pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹlòmíràn lè tún kèké náà ṣẹ́ kó sì jáde bákan náà. Ẹ má tún un ṣẹ́ torí pé ti àkọ́kọ́ kò wù yín.

Níbi tí ìfura bá pọ̀, ẹ kó orúkọ abúlé sínú igbá, kí ọmọdé kan mú un lójú àwọn baálẹ̀. Wọ́n á gbà á tọkàntọkàn ju ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde lọ. Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ pé àwọn tí kò bọ́ sí lọ́dún yìí ló máa kọ́kọ́ gbà lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ sì rí i pé owó ìyẹn ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu. Ewu kan wà nínú ìlérí yìí o. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ń bọ̀ lè má ra ti ọdún yìí. Ìkórè rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ipa ètò á sì tóbi lójú yín ju bó ṣe rí lọ. Ẹ bèèrè iye ajílẹ̀ tí wọ́n fi owó ara wọn rà, kí ẹ fi wé ti ọdún tó ṣáájú.

Ohun tó ń ba kèké jẹ́ jù ni pípààrọ̀. Ẹni ńlá kan á ní kí wọ́n fi abúlé òun rọ́pò èyí tó bọ́ sí, tàbí kí awakọ̀ já ẹrù síbi tí ọ̀nà ti dára. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má yí orúkọ padà. Abúlé tí kèké mú ni a ó máa kà sí ìhà àwọn tó gbà títí dé òpin, bí àpò kan kò tilẹ̀ débẹ̀. Ẹni tó bá kó àwọn tó gbà ní tòótọ́ sí ìhà kan ti mú ojúsàájú tí kèké lé jáde wọlé padà. Ìyàtọ̀ láàárín ìhà méjèèjì ni ipa ètò lórí gbogbo àwọn tí a fi lọ̀. Ká ní ó jẹ́ 0.16, tó jẹ́ ìdajì wọn ló gbin irúgbìn náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbìn ín ní ìhà kejì: ẹ fi 0.5 pín 0.16, ó di 0.32. Ìyẹn ni ipa lórí àwọn tó lò ó.

Abúlé mélòó ló tó?

Ibí ni owó ìwádìí ti ń ṣòfò jù. Wọ́n á mú abúlé mẹ́rin gbà, mẹ́rin kò gbà, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá ẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ lẹ́nu wò, wọn ò sì ní mọ ohunkóhun.

Ẹ kọ́kọ́ wá bí ìkórè ṣe ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan sí èkejì, èyí tí àwọn oníṣirò ń pè ní standard deviation. Ká ní ó jẹ́ 0.9, tí ìpíndọ́gba ìkórè sì jẹ́ 1.6. Ẹ pinnu ipa tó kéré jù lọ tó máa tó owó tí wọ́n ná. Ká ní ìdá 20 nínú 100, ìyẹn 0.32. Ẹ fi 0.32 pín 0.9, ó jẹ́ 2.81. Ẹ sọ 2.81 di ìlọ́po ara rẹ̀, 7.91. Ẹ sọ ìyẹn di ìlọ́po 16, ó di 127. Àgbẹ̀ 127 ní ìhà kọ̀ọ̀kan ló máa fún yín ní àǹfààní 80 nínú 100 láti rí ipa náà bó bá wà, pẹ̀lú ewu 5 nínú 100 láti rí ohun tí kò sí.

Ìṣirò yẹn ka àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹni tó dá dúró, wọn ò sì dá dúró. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí ará abúlé kan náà, ọjà kan ni wọ́n ń ná, ilẹ̀ wọn jọra. Àgbẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún lábúlé kan kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tuntun fún yín. ICC ni nọ́ńbà tó ń wọn ìjọra yìí. Ká ní ó jẹ́ 0.15, tí ẹ sì mú àgbẹ̀ 15 ní abúlé kọ̀ọ̀kan: 14 × 0.15 + 1 = 3.1. Ẹ sọ 127 di ìlọ́po 3.1, ó di 394. Ẹ fi 15 pín in, ó di abúlé 27 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, 54 lápapọ̀.

Bí ẹ bá wá sọ àgbẹ̀ di 30 lábúlé kọ̀ọ̀kan ńkọ́? 29 × 0.15 + 1 = 5.35, àwọn abúlé á sì di 23 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ kúrò ní 810, ó di 1,380, abúlé mẹ́rin péré lẹ sì dín kù ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Abúlé ni kí ẹ fi kún, ẹ má fi àgbẹ̀ kún.

Bó bá jẹ́ pé ìdajì àwọn tí ẹ fún ló máa gbin irúgbìn náà, ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí á di 0.16, abúlé tí ẹ nílò á sì di 105 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ètò tó bá mọ̀ pé ìdajì irúgbìn òun ló máa di jíjẹ, kó kọ́kọ́ tún pínpín rẹ̀ ṣe kó tó náwó lórí ìwádìí. Ẹ sì mú àgbẹ̀ 17 dípò 15 lábúlé kọ̀ọ̀kan, torí àwọn kan á ti kú, àwọn kan á ti lọ sí Èkó kí ẹ tó padà dé.

Bí kèké kò bá ṣeé ṣe

Ọ̀nà mẹ́ta la sábà máa ń gbà, bí a ṣe gbẹ́kẹ̀ lé wọn sí ni a ṣe tò wọ́n yìí.

Bí ètò bá ní òṣùwọ̀n tó ya àwọn tó lè gbà sọ́tọ̀, bí àpẹẹrẹ kí oko má ju hẹ́kítà méjì lọ, ẹni tó ní 1.95 àti ẹni tó ní 2.05 kò yàtọ̀ síra. Ẹ fi àwọn tó wà ní etí ààlà wéra. Kí ẹ kọ́kọ́ ka iye àgbẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: bí ogunlọ́gọ̀ bá dì jọ sí 1.9 tí 2.1 sì ṣófo, wọ́n ti mọ òfin náà, wọ́n ti gé oko wọn kúrú lẹ́nu. Ọ̀nà yìí ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìkejì ni ìyàtọ̀ inú ìyàtọ̀, bí a ṣe ṣe é nínú àpẹẹrẹ àkọ́kọ́. Ó gbà pé ìhà méjèèjì ìbá jọ rìn bákan náà ká ní ètò kò dé. Ẹ ya ìlà ìkórè wọn fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán ṣáájú ètò. Bí ìlà méjèèjì bá ti ń jìnnà síra kí ẹnikẹ́ni tó gba irúgbìn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìkẹta ni kí a wá ẹni tó jọ ẹni tó gbà ní ọjọ́ orí, ní ìwọ̀n oko, ní ẹ̀kọ́ ìwé, kí a fi wọ́n ṣe ìbejì. Ó rọrùn, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń rí i káàkiri. Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù nìkan ló lè mú bára mu. Ìtara ẹni àti mímọ ènìyàn kò sí nínú fọ́ọ̀mù. Báyìí ni IFPRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ṣe wádìí Fadama II, ètò ìrànwọ́ fún àwọn àgbẹ̀ ní Nàìjíríà, àmọ́ wọ́n ṣe ohun kan tó yẹ kí ẹ kọ́. Wọ́n fi àwọn tó gbà wé àwọn aládùúgbò wọn tí kò gbà, wọ́n sì tún fi wọ́n wé àwọn tó wà ní àdúgbò tí ètò náà kò dé rárá. Ìhà kẹta yẹn ló ń fi hàn bóyá àǹfààní ètò ti ṣàn dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

Wíwọn ìkórè

Bí àfiwé yín bá dára tó bí kí ló dé, ìwọ̀n burúkú á bà á jẹ́. Ẹ bi àgbẹ̀ bí oko rẹ̀ ṣe tóbi tó, yóò sọ iye ebè tàbí iye éékà fún yín. LSMS, ìwádìí Báǹkì Àgbáyé lórí ìgbé ayé àwọn ìdílé, ti fi hàn pé ẹni tí oko rẹ̀ kéré sábà máa ń sọ pé ó tóbi ju bó ṣe rí lọ, ẹni tí tirẹ̀ tóbi á sì dín in kù. Ẹ fi GPS rìn yíká ààlà, ẹ má gé kọ̀rọ̀ kankan. Ní oko tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá hẹ́kítà, àṣìṣe mítà mélòó kan ti pọ̀ jù. Tépù àti kọ́ńpáàsì ni kí ẹ lò níbẹ̀.

Fún àgbàdo, ẹ gé ibi kan nínú oko kí ẹ sì wọ̀n ọ́n:

1. Kí àgbàdo tó gbó, ẹ mú kọ̀rọ̀ oko kan, kí ẹ fi kèké mú nọ́ńbà méjì: ẹsẹ̀ mélòó ní gígùn, ẹsẹ̀ mélòó ní ìbú. Ibi tí ó bá já sí ni, bó jẹ́ ibi tí àgbàdo ti kú. Ẹni tó bá fi ojú yan ibi, ibi tó tutù yọ̀yọ̀ ló máa yàn.
2. Ẹ gún èèkàn mẹ́rin, ẹ ta okùn yí wọn ká, mítà márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ̀n ọ́n láti igun sí igun: méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 7.07. Bí wọn ò bá dọ́gba, ó ti wọ́.
3. Àgbàdo tó hù sórí okùn gan-an: ẹ ka ti ẹ̀gbẹ́ méjì, ẹ fi ti ẹ̀gbẹ́ méjì yòókù sílẹ̀. Ẹ pinnu èyí tí ẹ máa kà kí ẹ tó dé oko.
4. Ẹ bẹ àgbẹ̀ kó má ṣẹ́ àgbàdo tútù nínú okùn náà. Ẹ bèèrè iye orí àgbàdo tútù tó tà tàbí tí wọ́n sè jẹ nínú oko yòókù, torí bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìkórè àkọ́rọ̀ á sọnù.
5. Lọ́jọ́ ìkórè, ẹ ya á, ẹ ṣẹ́ ẹ kúrò lórí kùkù, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ fi ẹ̀rọ wo ọ̀rinrin rẹ̀.

Ká ní ó wọn kílò 4.5, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 22 nínú 100. Ẹ sọ ọ́ di ti ọ̀rinrin 14: 4.5 × 78 ÷ 86 = 4.08. Irú ojú okùn yẹn 400 ló wà nínú hẹ́kítà kan, nítorí náà kílò 1,632. Ẹni tó gbàgbé ọ̀rinrin á kọ 1,800. Bí irúgbìn tuntun bá wá ń gbó ṣáájú ti àtijọ́, tí ẹ sì kórè méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ọ̀rinrin ìhà kan á yàtọ̀ sí ti èkejì, ẹ ó sì máa pe omi ní ìkórè.

Ẹ̀gẹ́ le ju èyí lọ. Àgbẹ̀ á wú díẹ̀ lónìí láti fi ṣe gàrí, á wú díẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, á sì ta ìyókù nínú ilẹ̀ fún ẹni tó gbé pikọ́ọ̀pù wá. Kò lè rántí gbogbo rẹ̀ lọ́dún kan lẹ́yìn náà. Ẹ máa pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ méjì-méjì, tàbí kí ẹ wú ẹ̀gẹ́ inú okùn nígbà tó pé oṣù 12 gẹ́lẹ́, ní ìhà méjèèjì.

Ìwọ̀n ọjà ńkọ́? Kóńgò ọjà kan lè má dọ́gba pẹ̀lú ti ọjà kejì, àpò tí wọ́n sì ń pè ní kílò 100 lè ti ga kọjá ẹnu. Ẹ ra kóńgò àgbàdo lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta ní ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi ìpíndọ́gba rẹ̀ yí ìdáhùn àwọn ará ibẹ̀ padà sí kílò.

Àwọn tó ń bèèrè

KoboToolbox àti ODK, àwọn ohun èlò tí a fi ń gba ìdáhùn sílẹ̀, ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Ẹ kọ ìbéèrè ní Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ tú u padà, kí ẹ wá dán an wò lọ́dọ̀ ogún àgbẹ̀ tí kò sí nínú ìwádìí. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Fúlàní fún gáà.

Ẹ má lo òṣìṣẹ́ ètò náà láti bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ta ni yóò sọ fún ẹni tó fún un ní ajílẹ̀ pé òun tà á? Olùbéèrè kan náà ni kó ṣe abúlé tó gbà àti èyí tí kò gbà, kí àṣà tirẹ̀ má baà di ipa ètò. Kí alábòójútó padà sọ́dọ̀ ẹnì kan nínú mẹ́wàá láti tún ìbéèrè mélòó kan bi í. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí, kí ẹ sì sọ fún àgbẹ̀ ní gbangba pé ẹni tó dáhùn kò ní gba irúgbìn torí ẹ̀, ẹni tó kọ̀ kò sì ní pàdánù. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ojúkò GPS gbọ́dọ̀ kúrò nínú fáìlì kí ẹlòmíràn tó rí i. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ní Nàìjíríà wà fún èyí.

Ìṣirò

Bí ẹ bá ti ṣe ti òkè dáadáa, ìlà kan ni ìṣirò. Nínú R, pẹ̀lú àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ fixest:

feols(ikore ~ keke_mu + ikore_ibere | isori, data = d, cluster = ~abule)

Ó ń fi ìkórè wé ohun tí kèké sọ, ó ń mójú tó ìkórè ìbẹ̀rẹ̀ àti ìsọ̀rí, ó sì mọ̀ pé abúlé ni a ṣẹ́ kèké lé. Ẹni tó bá yọ apá cluster kúrò á rí ìdánilójú tí kò ní. Bí abúlé yín kò bá tó ogójì, ìdánilójú yẹn ṣì lè pọ̀ jù. Ẹ tún kèké náà ṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, kí ẹ wo ìgbà mélòó ni kèké irọ́ yẹn fún yín ní ipa tó tóbi tó tiyín.

Ẹ ka àwọn tó sọnù ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 5 nínú 100 níhìn-ín àti 15 nínú 100 lọ́hùn-ún, ètò lè ti yí àwọn tó dúró padà, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ bí àbájáde ṣe máa rí bí àwọn tó lọ bá jẹ́ àwọn tó dára jù tàbí àwọn tó burú jù.

Kí ẹ tún bi ara yín bóyá irúgbìn ló ṣiṣẹ́ tàbí ìrètí. Ní Tanzania, Erwin Bulte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín irúgbìn ẹ̀wà ní ọ̀nà méjì. Nígbà tí àgbẹ̀ mọ èyí tó gbà, irúgbìn tuntun mú ìkórè tó pọ̀ jù wá. Nígbà tí àgbẹ̀ kò mọ̀ bóyá tuntun tàbí ti àtijọ́ ni, ìyàtọ̀ náà pòórá, torí gbogbo wọn ló ṣe bí ẹni tó lè ti gba tuntun. 2014 ni àbájáde náà jáde. Nítorí ìdí yìí, ẹ kọ àyè tí àgbẹ̀ fi sáàárín ebè, iye ìgbà tó ro oko, àti ilẹ̀ tó yàn fún irúgbìn náà.

Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìṣirò tó nípọn. R jẹ́ ọ̀fẹ́. NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka nǹkan sílẹ̀, àti Báǹkì Àgbáyé ti ń ṣe GHS-Panel, ìwádìí àwọn ìdílé kan náà lémọ́lémọ́, ní Nàìjíríà láti 2010, nǹkan bí ìdílé 5,000, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ìgbìn àti lẹ́yìn ìkórè, wọ́n sì ń fi GPS wọn oko. Ẹnikẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ibi ìkósọfúnnisí Báǹkì Àgbáyé. J-PAL, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ipa tó bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ní 2003, ní ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè gbọ́ láìsan owó.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ bí a ṣe ń ka fáìlì, bí a ṣe ń so ìdílé mọ́ oko, àti bí a ṣe ń yí kóńgò padà sí kílò. Ẹ fi ìwọ̀n oko tí àgbẹ̀ sọ wé ti GPS, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀. Ẹ ó fojú ara yín rí àsọdùn tí a sọ lókè. Ẹ wá yọ àwọn ìdílé Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn tó gbin àgbàdo sọ́tọ̀, kí ẹ ṣírò ìpíndọ́gba ìkórè wọn, standard deviation rẹ̀, àti ICC láàárín àdúgbò. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ètò kan sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà: ẹ ṣẹ́ kèké fún àwọn àdúgbò yẹn, kí ẹ fi 0.32 kún ìkórè àwọn tó bọ́ sí, kí ẹ ṣe ìṣirò, kí ẹ sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní ẹgbẹ̀rún ìgbà. Ẹ ka ìgbà mélòó ni ìṣirò yín rí ipa tí ẹ fọwọ́ ara yín fi síbẹ̀. Bí kò bá tó 800, ẹ fi abúlé kún un, kí ẹ tún un ṣe.